Òpó Àwọ̀n Tí Kò Dúró Lójú Kan

Zeda-Kontskhi, lẹ́bàá Batumi
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 1998

Lamzira, ọmọ mi,

O kú àjò o. O kú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ṣé ara ìyá àgbà tó wà lọ́wọ́ rẹ ní Tẹsalóníkà le? Ara tèmi le, àfi eékún tó ń bá mi jà láràárọ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù títí àwọn ẹyẹ á fi kọjá tán. Zaza awakọ̀ ní òun á gbé bọ́ọ̀sì lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú wáìnì ìgò méjì. Bó bá jẹ́ ìgò kan lo rí, o mọ ibi tí èkejì wọ̀.

Àwọn ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo rí àwòdì àkọ́kọ́, mẹ́tàdínlógún. Wọ́n gba etí Òkun Dúdú bọ̀ láti àríwá, wọ́n pòòyì lórí òkè wa, wọ́n sì forí lé ọ̀nà Tọ́kì. Nígbà tó fi máa di àná, wọ́n ti lé lẹ́gbẹ̀rún. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi yá ju ti èṣí lọ. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé wọn ò bà. Lọ́dọọdún, èyí tó bá rẹ̀ nínú wọn a máa sùn lórí igi ẹ̀yìn ilé wa. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ bà, wọ́n á tún nà sókè fìrì, ó di orí òkè Guram, aládùúgbò wa, lódìkejì odò. Kí ni Guram fún wọn jẹ tí n kò ní?

Mo ti wa ìrẹ̀ nínú oko, mo ti fi ìrẹ̀ mú ẹyẹ kékeré, mo sì ń kọ́ ẹyẹ kékeré báyìí bí yóò ṣe máa fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ níwájú àwọ̀n kí àṣá tí n ó fi dẹ àparò lè rí i. Mo ti ri òpó àwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iwájú ahéré, ojú ibi tí bàbá bàbá mi ń ri tirẹ̀ sí gan-an. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Lọ́jọ́ Ajé mo fa àwọ̀n náà, ó le dáadáa. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dẹ̀ wọ̀jọ̀ lápá kan, okùn sì ti já lápá kejì. Ẹnì kan fọwọ́ kan òpó mi. Ta ló tún mọ iṣẹ́ àṣá lórí òkè yìí bí kò ṣe Guram, tí àṣá tirẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ léṣìí? Ìlara ni. Mo ń ṣọ́ ọ.

Bá mi wá ṣaworo kékeré méjì, ti idẹ, èyí tí a máa so mọ́ àṣá lẹ́sẹ̀. Èyí tó wà níhìn-ín kò dún mọ́. Ilẹ̀kùn iyàrá ìyá rẹ náà kò sì tì mọ́, àga ni mo fi ń tì í. Bí o bá wà nílé ni, ò bá ti fi ọ̀bẹ ha á. Ọdún méjì géérégé rèé, Lamzira. Ẹyẹ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Rostom


Tẹsalóníkà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ìgò kan ni mo rí. Zaza ní èkejì fọ́ ní bodè, mo sì gbóòórùn bó ṣe fọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ara Màmá Evanthia le díẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí nísinsìnyí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Bàbá, ẹ má fi ẹyẹ bú mi. Ẹyẹ kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kúrò níbí kí ìwé ìgbélùú mi tó jáde, n kò ní lè padà wọlé, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn fẹ́ kí n sunkún ni.

Nípa ti Bàbá Guram, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè ìyá mi lẹ́yìnkùlé yẹn, nínú òjò, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè gbé ṣọ́bìrì? Ṣé ẹni yẹn ló máa wá dìde láàárọ̀ kùtùkùtù wá yọ òpó? Okùn yín ti gbó ni. Ẹ ra òmíràn. Ilẹ̀kùn náà, ọ̀rinrin ló wú pákó rẹ̀.

Ṣaworo rèé, mẹ́rin ni mo rà kí ẹ má baà tún yọ mí lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé kí ẹ tú àṣá sílẹ̀ tí àsìkò bá parí. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Lamzira


Zeda-Kontskhi
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Lamzo mi,

Ayọ̀ ni mo fi kí ọ lónìí. Àṣá ti wọ àwọ̀n! Abo ni, ó síngbọnlẹ̀, ìyẹ́ funfun kan sì wà lókè ojú rẹ̀ bí irun ojú ìyá mi nígbà tó bá ń bínú. Ó ti gé mi ní ìka jẹ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi gbé e lọ́wọ́, mo bá a jẹun, mo bá a tòògbé lórí àga. Ṣaworo rẹ dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run á san án fún ọ.

Kò gba àlejò o. Bí ẹlòmíràn bá sún mọ́ ọn, á máa fi apá na ara rẹ̀ títí ẹ̀mí á fi fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń rọ̀ ọ́: ìfé tí mo máa ń sú pè ọ́ nínú oko tíì nígbà tí o wà ní kékeré. O ṣì rántí? Kúkúrú méjì, gígùn kan. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ara rẹ̀ á wálẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́. Èmi, ìwọ àti ìyá rẹ nìkan la mọ ìfé yẹn láyé. Àṣá ló ṣìkẹrin wa.

Ṣùgbọ́n Guram ò jẹ́ kí n sinmi. Mo ra okùn tuntun bí o ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́ta, ó já. Mo fi òkúta há ìdí òpó, mo fi ẹfun sàmì sí i lára. Òpó ìsàlẹ̀ méjèèjì ti fi ìṣísẹ̀ kan jìnnà sí ti òkè! Mo dúró létí omi, mo ké sí i pé, “Guram, olè tí kò rí nǹkan jí, òpó lo ń yọ!” Ó kó ọwọ́ sápò, ó ní, “Rostom, orí rẹ ló ń yí, kì í ṣe òpó.” Gbọ́ ìwọ̀sí! Ó tún ti ń fọ àgbá wáìnì rẹ̀ sínú omi wa. Ìsun tí à ń pọn ti di ẹrẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ajá rẹ̀, Bombora, tó máa ń gòkè wá jí egungun jẹ lọ́dọ̀ mi, kò kọjá omi mọ́. Á jókòó lódìkejì, á máa hu. Ó ti kọ́ ajá náà ní ìkórìíra.

Òjò kò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Àparò ń kọjá lókè réré, n kò rí ìkankan mú. O mọ̀ pé òjò nìkan ló ń já wọn lulẹ̀ sórí òkè wa. Bá mi gbàdúrà òjò ní ilé Ọlọ́run àwọn ará Gíríìkì yẹn. Òjò ńlá ni kí o bèèrè, kì í ṣe ti ẹ̀rọ̀.

Bàbá rẹ


Tẹsalóníkà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Inú mi dùn sí àṣá. Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Apá ibo ni òpó yẹn tẹ̀ sí, ṣé ọ̀nà òkun ni? Ṣé ilẹ̀kùn iyàrá ìyá mi nìkan ni kò tì ni, àbí tiyín náà ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ là níbì kankan lókè ilé, lábẹ́ koríko? Ẹ fẹsẹ̀ wá a. Igi tí àwọn ẹyẹ kò bà mọ́, ṣé ó dúró ṣánṣán?

Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ gbé abúlé wọn mì lókè ọ̀hún, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá mi kì í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jọ ń já tíì, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi pé, “Lamzira, kí ilẹ̀ tó sáré, a kọ́kọ́ máa rìn.” Wọ́n ní ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń mọ̀, lẹ́yìn náà omi. Wọ́n ní ìsun wọn di ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo abúlé sì ń bára wọn jà pé ta ló ń da omi rú. Wọ́n ń jà lọ́wọ́ ni òjò fi dé.

Bàbá, kò sẹ́ni tó ń yọ òpó yín. Ilẹ̀ tí ẹ rì í sí ló ń rìn. Ẹ má bínú, ẹ kó aṣọ yín, ẹ gbé àṣá, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ Bàbá Guram títí òjò ọdún yìí á fi rọ̀ kọjá. Mo fi eékún méjèèjì bẹ̀ yín. N kò gbàdúrà òjò kankan o, ẹ gbọ́!

Lamzira


Zeda-Kontskhi
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án

Lamzira,

Mo kí ọ. Mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan kọjá láìkọ̀wé nítorí inú ń bí mi, ìyá rẹ sì sọ fún mi kó tó kú pé n kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ìbínú. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n Zaza ní o ń dúró dè é nídìí ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ò sì gbà á gbọ́ pé kò sí lẹ́tà. Ó ní o tú àpò òun wò. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?

Ta ló ń kọ́ ọ lọ́rọ̀? Àbí o ti rí ará Gíríìkì kan tó fẹ́ fẹ́ ọ, tó ní kí o lọ ta ilé bàbá rẹ? Mo dàgbà lórí òkè yìí. Bàbá mi kú sórí rẹ̀. Ìyá rẹ sùn lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Ó sá fún òkè lọ́hùn-ún, ó wá bá mi níbí, mo sì ṣèlérí fún un pé òkè tèmi kò ní sá lọ. Ṣé èmi ni kí n wá fi í sílẹ̀, kí n máa lọ sùn nínú ilé ọ̀tá?

Ìbéèrè rẹ: bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà òkun. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà òkun ni atẹ́gùn ń fẹ́ òpó sí. Ilẹ̀kùn tèmi náà kò tì, mo máa ń gbatẹ́gùn. Ilẹ̀ là díẹ̀ lókè sàréè ìyá rẹ, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀dá ló là á, mo sì ti ki koríko bọ̀ ọ́.

Lánàá nìkan, àwòdì tó kọjá lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Ojú ọ̀run ṣú fún wọn. Wọn ò pòòyì mọ́ báyìí, wọ́n kàn ń sáré kọjá ni. Ìkùukùu ti ń wọ́ jọ lórí òkun. Bí òjò yìí bá rọ̀, àparò á bọ́ lulẹ̀ bí èso, èmi àti àṣá mi á sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mú mi kúrò lórí òkè yìí lọ́sẹ̀ àparò.

Sílé Guram, àbí kí lo wí? Bí o bá gbọ́ láéláé pé mo tẹ ẹnu ọ̀nà Guram, kí o yáa mọ̀ pé ó jí àṣá mi ni, mo sì lọ fọ́ ọ lórí.

Rostom


Tẹsalóníkà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀yin bàbá mi, Guram,

Ẹ kú àtijọ́. Lamzira ni, ọmọ Rostom òdìkejì omi. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé ara yín yá, ṣé Bombora ń jẹun?

N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Bàbá mi ń pè yín lólè, ẹ sì mọ̀. Òpó rẹ̀ ń ṣí kúrò lójú kan, ilẹ̀kùn ò tì, omi di ẹrẹ̀, ilẹ̀ sì ti là lókè sàréè ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ sàréè yẹn mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Mo ti bẹ bàbá mi, ó ní mo fẹ́ ta ilé. Òun ń retí òjò nítorí àparò, èmi sì ń bẹ̀rù òjò náà. N kò lè wá, ìwé mi kò tíì jáde. Bó bá tilẹ̀ jáde, ọjọ́ mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè lólè láìjalè, mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jalè lóòótọ́. Ẹ jí àṣá rẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ má ṣe dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí mi pé ohun kan ṣoṣo ló lè gbé òun dé ilé yín. Mo mọ ohun tí mo ń ní kí ẹ ṣe. Láàárín ẹ̀yin àgbà tó ń fi àṣá dẹ àparò, ẹni tó jí àṣá ẹlòmíràn kò ní ojú tí yóò fi jókòó nídìí tábìlì mọ́. Ẹ dárí jì mí. N kò rí ẹlòmíràn.

Àṣá náà á fẹ́ pa ara rẹ̀ bó bá rí àlejò. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ súfèé báyìí: kúkúrú méjì, lẹ́yìn náà gígùn kan tó ń lọ sílẹ̀ lópin. Ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò nínú ilé. Mo kọ lẹ́tà mìíràn sí bàbá mi pé mo ti gbọ́, n kò ní sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́, kó má baà fura.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jó lẹ́tà yìí níná.

Ọmọ yín,
Lamzira


Zeda-Kontskhi
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án

Lamzo, ọmọ dáadáa,

Mo gba lẹ́tà rẹ nírọ̀lẹ́ yìí, inú mi sì rọ̀. O ṣeun tí o gbọ́ràn. Zaza ń dúró lójú títì, ó ń tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ mi létí, ní kánmọ́kánmọ́ ni mo fi ń kọ èyí.

Òjò ti dé! Láti àná ni, kò dáwọ́ dúró. Òjò ọlọ́lá, òjò tí a ń wá. Ní òwúrọ̀ yìí mo gbọ́ ohùn àparò nínú koríko níbi mẹ́ta. Ọ̀la ni ọjọ́ náà. Mo ti gbé ibùsùn mi lọ sínú ahéré kí n lè wà nítòsí àwọ̀n. Àṣá ti mọ̀, ó ń tẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ó ń wò mí.

Ìsun omi ti gbẹ pátá, nínú òjò yìí, ìwọ náà wo nǹkan ìyanu. Àgbá òjò ni mo ń bù. Ariwo kan sì ń dún nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí ẹni ń wọ́ àga nínú iyàrá kejì. Òkun ni, ó ń ru. Gbogbo àwòdì ti lọ, kò sí ẹyọ kan lójú ọ̀run.

N ó fi àparò yíyan ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má jẹ́ kí Zaza tú u wò.

Bàbá rẹ


Tẹsalóníkà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kúrò nínú ahéré yẹn. Mi ò kí yín lónìí, ẹ má bínú. Kì í ṣe òkun ló ń wọ́ àga. Bí lẹ́tà yìí bá bá yín lórí òkè, ẹ má kà á parí, ẹ sáré!

Rédíò ní òjò ti gé ọ̀nà ní etíkun wa. Wọn ò sọ ibi tó ti gé. Màmá Evanthia ń bèèrè ọbẹ̀ rẹ̀, ìdí rédíò ni mo ṣì jókòó sí.

Lamzira


Tẹsalóníkà
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Bọ́ọ̀sì Zaza kò dé. Mo dúró níbùdókọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin wa tó kù ń pín àkàrà àgbàdo jẹ, wọ́n ní kí n jókòó, mi ò lè jókòó. N kò mọ ẹni tí n ó fi lẹ́tà yìí rán. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Èmi ni mo ní kí Ọlọ́run má rọ òjò. Ṣé mo dákẹ́ àdúrà náà ní ọjọ́ kan ni? Mo rò ó, mi ò rántí.

Ẹ dákun, ẹ bú mi. Ẹ kọ̀wé bú mi.


Zeda-Kontskhi
Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá

Lamzira,

Guram ni. Èmi kì í kọ lẹ́tà, nítorí náà, fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, Zaza ń lọ lọ́la.

Bàbá rẹ wà láàyè. Ó wà nínú ilé mi.

Mo gba lẹ́tà rẹ ní alẹ́ Ọjọ́rú yẹn. Mo súfèé títí Bombora fi kó sábẹ́ ibùsùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bàbá rẹ kúrò nídìí ahéré, ó lọ wo koríko ìsàlẹ̀. Mo wọlé, mo súfèé, àṣá náà dúró jẹ́ẹ́, mo fi í sábẹ́ ẹ̀wù. Mo dé etí omi, mo dúró títí ó fi rí mi, nítorí bí kò bá rí mi, kí ni mo jí i fún? Ó rí mi. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí eékún ń dùn lè sáré bẹ́ẹ̀. Ó lé mi kọjá omi, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi igi àwọ̀n lù mí lórí. Igi náà ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìkejì nígbà tí a gbọ́ tí ilẹ̀ ń ya lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé, ahéré, oko ọsàn, igi ẹ̀yìnkùlé àti sàréè ìyá rẹ. Gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ sínú òkun. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu tíì ife kan. Omi òkun pupa títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá rẹ kò dúpẹ́. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń pè mí lólè. Àwọn ọdẹ tó kù ti sún àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Má sọ fún un. Bó bá mọ̀ pé ìwọ ni, á ní ọmọ òun ló mú òun fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Èjìká mi gba orúkọ olè. Orí mi náà ti ń jinná.

Guram


Zeda-Kontskhi, ilé Guram
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá

Lamzira, ọmọ mi,

O kú ìrọ́jú. O kú àfẹ́kù ilé. Wọ́n ní o sunkún níbùdókọ̀ títí awakọ̀ mìíràn fi bá ọ sunkún. Mo gba gbogbo lẹ́tà rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan èyí tó ní kí n sáré. Mo ti sáré nígbà yẹn.

Mo sunkún ìyá rẹ. N kò fi pa mọ́ fún ọ. Láràárọ̀ ni mo ń lọ sí etí ibi tí ilẹ̀ ti gé, mo sì ń tọrọ àforíjì pé mo ṣèlérí òkè tí kò sá lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan bí ilẹ̀ ṣe ń rìn, mo sì ní àlá ni. Bó bá ṣe pé ó wà láàyè ni, kì bá tí jẹ́ kí etí mi sinmi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo tú àṣá sílẹ̀, bí ó ṣe yẹ. Mo fún un jẹ yó, mo bọ́ ṣaworo lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo gbé e dé orí ilẹ̀ tó kù, mo ju ọwọ́ sókè. Kò wo ẹ̀yìn. Ó lọ bá àwọn tó kẹ́yìn.

Nígbà tó lọ tán ni mo wá jókòó, tí mo ronú. Àṣá tó máa ń fẹ́ pa ara rẹ̀ bó bá rí àlejò, báwo ló ṣe dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹ̀wù Guram? Lánàá ni mo gbọ́ tí olè náà ń súfèé bó ti ń fọ abọ́. Kúkúrú méjì, gígùn kan tó ń lọ sílẹ̀ lópin. Ènìyàn mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n láyé, Lamzira. Èmi kò sọ ọ́ fún un. Òkú kì í sì í kọ lẹ́tà.

Inú bí mi fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo bu wáìnì rẹ̀ mu. Mo ti lọ bá àwọn ọdẹ, mo ní kí wọ́n sún àga wọn padà, mo ní èmi ni mo yá a ní àṣá. N kò tíì sọ fún òun pé mo ti mọ̀. Ó dùn mọ́ mi láti máa pè é lólè, ó sì ń dùn mọ́ òun náà láti máa jẹ́ ẹ.

Gbọ́, kì í ṣe ìyẹn ni mo ń tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀kùn iyàrá tí mo ń sùn kò tì mọ́. Guram ní òjò ló wú pákó. Omi kànga rẹ̀ pọ́n láàárọ̀ yìí, ó ní ewé ló jábọ́ sí i. Bombora kò wọlé sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú títì ló ń sùn nínú òjò. Guram ní ajá náà ti darúgbó ni. Mo sọ fún un wẹ́rẹ́, mo sọ fún un pẹ̀lú ariwo. Ó ní, “Rostom, ẹni tí ilẹ̀ ti gé jẹ rí, bó bá rí wáìnì tó dà sílẹ̀, á sá.” Ó ní bàbá òun kú sórí òkè yìí. Ó ní òun ò lọ síbì kankan.

Mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ ohun tó yẹ kí n jí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì ń gbà lọ, mẹ́ta ni yóò gbà bọ̀, n kò sì ní dúró de ìdáhùn. Guram kò ní àṣá mọ́. Kò sí ohun tó lè mú un sáré jáde nínú òjò láyé yìí àfi ajá yẹn.

Zaza ti gbà láti ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sílẹ̀ dè mí lójú títì. Mo ti ki ẹran bọ àpò.

Bàbá rẹ,
Rostom